Ìhà tí àwọn òǹkàwé kọ sí Songs of the Season

Songs of the Season jẹ́ àkójọpọ̀ ewì tí Níyì Ọ̀ṣúndáre kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ilé-iṣẹ́ Heinemann ti Nàìjíríà sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1990. Kí àwọn ewì náà tó di ìwé, inú Sunday Tribune, ìwé ìròyìn tí wọ́n ń tẹ̀ ní Ìbàdàn, ni wọ́n ti ń jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti ọdún 1985. Ẹni tó ra ìwé ìròyìn nítorí òṣèlú tàbí nítorí bọ́ọ̀lù a kàn ṣàdédé bá ewì pàdé níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó kọ́kọ́ ka ewì wọ̀nyí kì í fi í ṣe àwọn tó sábà máa ń ra ìwé ewì.

Ọdún 1947 ni wọ́n bí Ọ̀ṣúndáre ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, olùkọ́ ni ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ẹ̀sùn kan ti wà nílẹ̀ nígbà náà lọ́rùn àwọn akéwì Nàìjíríà tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ewì: pé ewì wọn ta kókó jù, pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní yunifásítì nìkan ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn lámèyítọ́ mẹ́ta, Chinweizu, Onwuchekwa Jemie àti Ihechukwu Madubuike, sọ ọ́ láìfi bọpobọyọ̀ nínú ìwé kan tó dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ ní 1980. Songs of the Marketplace, ìwé ewì àkọ́kọ́ tí Ọ̀ṣúndáre tẹ̀ jáde ní 1983, ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára irú ewì bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé nílò owó. Ìwé ìròyìn ní tirẹ̀, ẹnìkan á rà á, ẹni mẹ́ta mẹ́rin á kà á, àwọn mìíràn á sì dúró ti fẹ́ńdọ̀ lẹ́bàá títì kà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìgboro Ìbàdàn kò ṣàjèjì sí akéwì tó ń sọ̀rọ̀ ìlú. Láńrewájú Adépọ̀jù àti Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ ti ń ké ewì Yorùbá lórí rédíò àti nínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tipẹ́. Ohun tó jẹ́ tuntun ni kí ewì Gẹ̀ẹ́sì máa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, lásìkò tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu ará ìlú: Ibrahim Babangida gba ìjọba ní oṣù kẹjọ ọdún 1985, Sáàpù (SAP), ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, tẹ̀lé e ní 1986, náírà já wálẹ̀, ọjà sì gbówó lórí. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà, akéwì ní òun fẹ́ kí orin òun rọrùn, kó tètè yéni, kó bá àsìkò mu, kó sì tún dùn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà.

Àwọn lámèyítọ́ bi ara wọn bóyá ewì tí a kọ fún Sọ́ńdè kan lè wúlò kọjá Sọ́ńdè náà. Ìbéèrè tó tọ́ ni, nítorí àwọn kan wà nínú ìwé náà tí kò lè yé ọmọ òde òní láìsí àlàyé. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ pé akéwì náà kò mọ ọ̀nà mìíràn. The Eye of the Earth, ìwé ewì rẹ̀ mìíràn, ti gba ẹ̀bùn ewì Commonwealth ní 1986. Waiting Laughters, tó jáde lọ́dún kan náà pẹ̀lú Songs of the Season, gba ẹ̀bùn Noma, tó wà fún ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Áfíríkà, ní 1991. Ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ yan ìrọ̀rùn.

Àwọn òǹkàwé tó fara balẹ̀ jù lọ ni àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ọ̀ṣúndáre ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé léraléra ni wọ́n ń wá sọ́dọ̀ òun, tí wọ́n ń ní kí òun túmọ̀ ewì òun, kí òun sì sọ ẹni tí òun ń bá wí. Ó ní wọ́n ń já lẹ́tà òun wò, àti pé àwọn kan lára akẹ́kọ̀ọ́ òun ti di olófòófó. Ìjọba Sani Abacha, láti 1993 sí 1998, ni wọ́n sábà máa ń so ìtàn yìí mọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ọ̀kan nínú àwọn ewì ìwé náà, “Not My Business”, dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-iṣẹ́ ìdánwò AQA fi í sínú ìwé ewì tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń múra GCSE, ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ girama níbẹ̀, ń kà nígbà náà. Fún ọdún mélòó kan, lọ́dọọdún ni ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fi ń kà nípa Akanni tí wọ́n lù, tí wọ́n sì gbé jù sínú jíìpù, Danladi tí wọ́n wọ́ jáde nílé lóru, àti Chinwe tó dé ibi iṣẹ́ tó bá a pé iṣẹ́ ti bọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á ní kí ló kan òun, níwọ̀n ìgbà tí iṣu ṣì wà lẹ́nu òun. Nígbẹ̀yìn, wọ́n kan ilẹ̀kùn tirẹ̀ náà.

Nínú ìwé àlàyé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, wọ́n sábà máa ń ní Abacha ni ewì yìí ń bá wí. Bẹ́ẹ̀, ìwé náà ti jáde ní ọdún mẹ́ta ṣáájú kí Abacha tó gba ìjọba. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tún fi í wé ọ̀rọ̀ Martin Niemöller, pásítọ̀ ará Jámánì, nípa àwọn tí ìjọba Násì kó nígbà tí òun dákẹ́. Òwe ló máa kọ́kọ́ sọ sí Yorùbá lọ́kàn: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Àwọn orúkọ náà tún ń sọ̀rọ̀ létí ọmọ Nàìjíríà láìsí àlàyé kankan, torí Yorùbá, Haúsá àti Ígbò ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó ń jẹ iṣu nìkan ni ewì náà kò dárúkọ.