Xeroderma pigmentosum: awọ tí kò lè tún ara rẹ̀ ṣe

Wọ́n gbé ọmọ ọwọ́ jáde fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó wú, ó lé ròrò omi bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára, kò sì lọ títí ọ̀sẹ̀ fi yí po. Ìyá ọmọ ni ará ilé sábà máa ń dá lẹ́bi pé ó fi ọmọ sílẹ̀ sínú oòrùn. Ó lè jẹ́ pé xeroderma pigmentosum ni, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní XP. Awọ gbígbẹ tó kún fún àmì ni orúkọ náà túmọ̀ sí. Moritz Kaposi, dókítà awọ ara ní Vienna, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní àwọn ọdún 1870, àmọ́ ohun tí ojú rí nìkan ni orúkọ yẹn sọ.

Inú DNA, àkọsílẹ̀ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń darí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ fojú wò ó bí okùn ìlẹ̀kẹ̀. Bí ìtànṣán UV inú oòrùn bá bà á, ìlẹ̀kẹ̀ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á yọ́ mọ́ra. Ojoojúmọ́ lèyí ń ṣẹlẹ̀ lára gbogbo wa. Ara á wá ibi tó lẹ̀ pọ̀ náà, á gé nǹkan bí ìlẹ̀kẹ̀ 30 kúrò, á sì sín tuntun sí i. Lára ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní XP, ọ̀kan nínú àwọn èròjà ara tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò sí, tàbí kò lè ṣe é dáadáa. James Cleaver, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ló fi èyí hàn ní 1968. Àléébù á máa gorí àléébù títí yóò fi kan jíìnì tó ń dá sẹ́ẹ̀lì lẹ́kun àtipọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí jẹjẹrẹ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láìsí ìdáàbòbò, ó lè yọ kí ọmọ tó pé ọdún 10.

Kì í ṣe àfín o. Àwọ̀ tó yẹ kó ṣíji bo awọ ni àfín kò ní tó. Àtúnṣe inú rẹ̀ pé. Ẹni tó ní XP lè dúdú bíi kóró iṣin.

Ẹni tó bá mọ AS àti SS ti mọ bí a ṣe ń jogún rẹ̀. Jíìnì 8 ló wà tó lè fà á. Bí bàbá àti ìyá bá gbé àléébù jíìnì kan náà, ara tiwọn á le, ṣùgbọ́n nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni àǹfààní pé ọmọ yóò ní in. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mílíọ̀nù kan ló ní in. Ní Japan, nǹkan bí ẹnì kan nínú 20,000.

Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní XP kì í jóná bíi ti ọmọ ọwọ́ yẹn, àwọn gan-an ló sì ń pẹ́ kí a tó mọ̀. Àmì dúdú wẹ́wẹ́ tí funfun dà mọ́, lójú, ní ọrùn àti ní ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, kì í ṣe ohun tí à ń fi ìpara ìbílẹ̀ pa rẹ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara. Ojú ọmọ náà tún lè máa pọ́n, kó máa sá fún ìmọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin, á máa di adití díẹ̀díẹ̀, ìrìn wọn á sì máa dàrú.

Kò sí oògùn tó ń wò ó sàn. Kí ìtànṣán má kan ọmọ náà ni gbogbo iṣẹ́. Ẹ gbé aṣọ rẹ̀ sókè síbi iná: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láàárín òwú, aṣọ náà kò tó. Fìlà etí gbòòrò, awò ojú tó bo ẹ̀gbẹ́, ìpara ìdènà oòrùn SPF 50 tí a ń tún pa ní wákàtí méjì méjì, ètè àti etí pẹ̀lú. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni fèrèsé: gíláàsì ń dí oríṣi UV kan, UVB, àmọ́ oríṣi kejì, UVA, ń gbà á kọjá, nílé àti nínú ọkọ̀. Ọ̀rá tó ń dí UV ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi gílóòbù LED rọ́pò iná fluorescent gígùn. Torí pé oòrùn kò kàn án, vitamin D rẹ̀ á dín. Dókítà ló máa sọ iye tó máa lò.

Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí dókítà yẹ gbogbo awọ rẹ̀ wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nílé, ẹ máa wo ìpéǹpéjú, ètè àti ṣóńṣó ahọ́n, torí oòrùn ń dé ibẹ̀ náà, kò sì sẹ́ni tó ń fi ìpara sí ahọ́n.