Fífun Fèrè Kò Sọ Ẹ̀rọ Èémí Di Àlòpatì

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán nílẹ̀: wọ́n ní ẹni tí èémí rẹ̀ máa ń dí lójú oorun kò nílò ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú, pé kí ó máa fun fèrè, kí ó sì máa mí kanlẹ̀ láràárọ̀. Bí a bá béèrè ẹ̀rí, ìwádìí Switzerland tí ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé jáde ní 2006 ni wọ́n máa ń nà síni. Ènìyàn 25 péré ni. Àwọn 14 kọ́ didgeridoo, fèrè onígi gígùn ti àwọn onílẹ̀ àríwá Ọsirélíà, fún oṣù 4. Àwọn 11 ń retí kí ó kàn wọ́n. Iye ìgbà tí èémí ń dí láàárín wákàtí kan wálẹ̀ láti nǹkan bí 22 sí 12 lọ́dọ̀ àwọn afunfèrè. Ti àwọn tí kò fun nǹkan kan náà wálẹ̀, láti 20 sí 15, ṣùgbọ́n èyí kì í wọ inú ìròyìn.

“Mímí kanlẹ̀” yìí gan-an ló ń bí mi nínú. Ẹ̀dọ̀fóró kọ́ ló ṣàìsàn. Bí oorun bá wọra, iṣan ahọ́n àti ti ọ̀fun a dẹ̀, ahọ́n a ṣubú sẹ́yìn, ọ̀nà a sì dí. Bí àyà bá ṣe ń fa atẹ́gùn tó ni ògiri ọ̀fun ń lẹ̀ mọ́ra tó, bí ìgbà tí ènìyàn ń fa omi inú ọ̀rá tí ẹnu rẹ̀ ti pa dé. Agbára àyà kò ṣí i. Ohun tí didgeridoo ní ni pé afunfèrè a fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti atẹ́gùn jáde, a sì máa fi imú fa òmíràn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ó ṣe rí, kí ó bu omi sẹ́nu, kí ó máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀, kí ó sì máa mí símú. Bóyá iṣẹ́ yẹn ló ń mú ọ̀fun le. Síbẹ̀, ìwádìí 2009 kan láàárín àwọn olórin ẹgbẹ́ okẹ́sírà tí wọ́n ju 1,000 lọ kò rí i pé ewu tàwọn afunfèrè kéré sí ti àwọn yòókù.

Ó lè ran àwọn kan lọ́wọ́, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 ni àwọn afunfèrè ti Switzerland ń fun ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, kò sì sí ẹni tí èémí rẹ̀ ń dí ju ìgbà 30 lọ láàárín wákàtí kan nínú wọn. Kí ẹni tí tirẹ̀ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ má tìtorí fèrè yọ ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò lára iná.