Gángan, jáàsì àti fọ́ǹkì nínú orin kan: ṣé ó ṣeé ṣe?

Ìbéèrè: Àwọn ọ̀dọ́ kan ń dánrawò ládùúgbò wa n'Ìkòròdú. Mo ń gbọ́ gángan, mo ń gbọ́ fèrè, mo tún ń gbọ́ gìtá bíi ti ayé James Brown, ọ̀gá olórin fọ́ǹkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n ní acid jazz ni. Kí nìyẹn?

Ìdáhùn: London ló ti ṣẹ̀ wá, nípàrí àwọn ọdún 1980. Àwọn DJ ibẹ̀ ń gbé jáàsì àti fọ́ǹkì àtijọ́ lé ìlù ijó ìgbà náà, ni àwọn olórin bá ń fọwọ́ ara wọn lu irú ẹ̀. Gilles Peterson àti Eddie Piller dá ilé iṣẹ́ àwo Acid Jazz sílẹ̀ ní 1987. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ olórin Jamiroquai ti gbé orin wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1992.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń ba ìlù wa jẹ́?

Ìdáhùn: Ó ti pẹ́ tá a ti ń da irú ẹ̀ pọ̀. Orlando Julius, olórin ọmọ Nàìjíríà, ti ń lu sóòlù, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, mọ́ háíláìfù ní 1966. Fẹlá lọ sí Amẹ́ríkà ní 1969, ó dé, òun àti Tony Allen onílù rẹ̀ wá sọ tiwọn di Áfúróbíìtì.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ìlù wọn máa ń jà nígbà míì, tó sì tún máa ń dùn lójijì?

Ìdáhùn: Ibí gan-an lọ́rọ̀ wà. Ẹ fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Kónkóló tí agogo ìbílẹ̀ ń lù máa ń pín ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta. Fọ́ǹkì ń pín in sí mẹ́rin. Ẹsẹ̀ ò yí padà, ohun tó wà láàárín ló yí. Bí onígángan bá di mẹ́ta mú, tí ẹni tó wà nídìí ìlù jáàsì náà di mẹ́rin mú, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà fún ẹnì kejì, ariwo ni. Ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn bá ń pàdé lórí ẹsẹ̀ kìíní, èyí tí James Brown ò fi ṣeré rí, tí ẹnì kan sì ń dákẹ́ kí ẹnì kejì sọ̀rọ̀, ijó dé. Dídákẹ́ yẹn ló ń ṣòro fọ́mọdé. Onífèrè tó ń fọn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ ọ, níbi tí kò sẹ́ni tó ń dá a dúró.

Ìbéèrè: Ṣé a lè pè wọ́n síbi ìnáwó?

Ìdáhùn: Ẹ pè wọ́n, àmọ́ kó má jẹ́ àwọn nìkan. Ẹni tó bá pe orúkọ ẹni lówó ń lọ bá, orin yìí ò sì fi bẹ́ẹ̀ lọ́rọ̀ lẹ́nu. Onígángan ni yóò yọ wọ́n. Ẹ tètè fún un ní oríkì olóde, kí àwọn tó kù rẹ ohùn sílẹ̀ tó bá ń kì í, kí gìtá béèsì nìkan máa lọ lábẹ́.