Ibi Tí Orin Ń Sá Pamọ́ Sí Nínú Iṣẹ́ Ẹgbẹ́ Rọ́ọ̀kì

Àwo ńlá 4 péré ni The Smiths, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tó ti Manchester wá, gbé jáde láàárín 1984 sí 1987 tí wọ́n fi tú ká. Ẹni tó bá jókòó tì wọ́n láàárọ̀ Sátidé á ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ṣùgbọ́n pálọ̀ ló ṣì jókòó sí o, kò tíì wọ yàrá. "How Soon Is Now?", ọ̀kan lára orin tí ayé fi mọ̀ wọ́n jù, kò sí nínú ìkankan nínú àwo mẹ́rin náà bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yìn orin mìíràn ni wọ́n tì í sí ní oṣù kẹjọ 1984, bí èènì.

Bí wọ́n ṣe ń ta orin nígbà náà ló fà á. Oríṣi rẹ́kọ́ọ̀dù méjì ló wà lọ́jà: àwo ńlá tí orin mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lórí rẹ̀, àti síńgù tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Síńgù ni rédíò ń lù. Orin tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ kó tà ni wọ́n ń fi sí ojú kìíní, ojú kejì kò sì gbọdọ̀ ṣófo, ni wọ́n á bá wá nǹkan dí i. Láàárín àwọn ẹgbẹ́ índì, ìyẹn àwọn tó ń bá ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó dá dúró ṣiṣẹ́, àwọn kan gbà pé ìrẹ́jẹ ni kéèyàn ta orin kan náà fún oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì. Orin tó bá ti jáde ní síńgù, wọn ò ní fi sínú àwo ńlá mọ́. Inú oníbàárà ìgbà náà dùn sí i. Ẹni tó ń wá orin lónìí ló ń jìyà rẹ̀.

Síńgù pàápàá tún pín sí méjì. Èyí tó jẹ́ ínṣì 7 kì í sábà gbà ju orin méjì lọ, èyí tó jẹ́ ínṣì 12 sì láyè fún ẹ̀kẹta. Nígbà tí The Smiths gbé "William, It Was Really Nothing" jáde, ẹni tó ra ínṣì 7 bá "Please, Please, Please Let Me Get What I Want" lójú kejì. Ẹni tó ra ínṣì 12 nìkan ló rí "How Soon Is Now?" gbà. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n kó o sínú àwo àkójọpọ̀ Hatful of Hollow. Nígbà tó di oṣù kìíní 1985, ó di síńgù fúnra rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Sire ní Amẹ́ríkà sì tì í mọ́ àwo Meat Is Murder tí wọ́n ń tà lọ́hùn-ún. Orin kan, ilé mẹ́rin, kò sì tó ọdún kan.

Ibòmíràn tí orin ń bọ́ sí ni rédíò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àdéhùn wà tó fi òté lé iye wákàtí tí BBC lè fi lu rẹ́kọ́ọ̀dù. Ẹ̀rù ń ba ẹgbẹ́ àwọn akọrin pé bí rẹ́kọ́ọ̀dù bá gba gbogbo afẹ́fẹ́, onígìtá àti onílù á jókòó sílé. Kí àkókò tó ṣẹ́kù má baà ṣófo, BBC ń pe àwọn ẹgbẹ́ wá sí sítúdíò rẹ̀ ní Maida Vale, ní London, kí wọ́n wá kọrin níbẹ̀. John Peel, olóòtú ètò tó wà ní Radio 1 ti BBC láti 1967 títí tó fi kú ní 2004, ló lo ètò yìí jù fún àwọn tí orúkọ wọn ò tíì dún. Ó sábà máa ń jẹ́ orin mẹ́rin lọ́jọ́ kan. Kò sáyè à ń tún un ṣe, ìyẹn ni orin ibẹ̀ fi máa ń gbóná ju ti sítúdíò olówó lọ. Irú orin bẹ́ẹ̀, tí wọ́n kọ fún Peel àti David Jensen, olóòtú mìíràn níbẹ̀, pọ̀ nínú Hatful of Hollow. Ọ̀pọ̀ ló fẹ́ràn rẹ̀ ju àwo àkọ́kọ́ The Smiths lọ, wọn ò sì jayò pa.

Ti Joy Division, tí wọ́n jọ jẹ́ ará agbègbè kan náà, tún le jù bẹ́ẹ̀. Àwo méjì ni tiwọn: Unknown Pleasures ní 1979, Closer ní 1980. "Transmission" kò sí nínú méjèèjì. "Love Will Tear Us Apart", tó jáde ní oṣù tó tẹ̀ lé ikú Ian Curtis tó ń kọrin fún wọn, kò sí níbẹ̀. "Atmosphere" ńkọ́? Ilẹ̀ Faransé ló ti kọ́kọ́ jáde, ẹ̀dà 1,578 péré, lábẹ́ àkọlé Licht und Blindheit. Ìgbà tí Substance dé ní 1988 ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó pàdé lórí àwo kan.

Ohun tó ń fi ọ̀nà hàn nínú igbó yìí ni nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀ sára àwo. Ti 4AD ní London yé ènìyàn wéré. CAD dúró fún àwo ńlá, MAD fún àwo tí kò gùn tó bẹ́ẹ̀, BAD fún oní-ínṣì 12. Surfer Rosa ti Pixies, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà, jẹ́ CAD 803: 8 ń tọ́ka sí 1988, 03 sì ni ipò rẹ̀ lọ́dún náà. Come On Pilgrim tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ MAD 709, ó di 1987 nìyẹn. Ti Factory ní Manchester ni kéèyàn ṣọ́ra fún, torí kì í ṣe àwo nìkan ni wọ́n ń fún ní nọ́ńbà. Pósítà ni FAC 1. Ilé ijó Haçienda ni FAC 51. Ológbò tó ń gbé ibẹ̀ gba FAC 191, nígbà tí Tony Wilson, ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, sì kú ní 2007, wọ́n fún pósí rẹ̀ ní FAC 501. Ẹni tó bá ń to FAC lẹ́sẹẹsẹ, kó má retí pé gbogbo rẹ̀ ló ṣeé gbọ́.

Nọ́ńbà bíi ti 4AD máa ń sọ ọdún tí àwo jáde. Ọjọ́ tí wọ́n kọ orin inú rẹ̀ lè jìnnà sí i. Ní oṣù kẹta 1987, Pixies gba orin 17 sílẹ̀ ní sítúdíò Fort Apache ní Boston. 4AD mú 8 níbẹ̀ ṣe Come On Pilgrim. Àwọn 9 tó kù sùn fún ọdún 15, wọ́n sì jáde ní 2002. Ìkànnì tó ń to orin ní ọjọ́ ìjáde á kó wọn sẹ́yìn gbogbo àwo tí wọ́n ṣe kí ẹgbẹ́ náà tó kọ́kọ́ tú ká, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n wà lára àwọn tó dàgbà jù níbẹ̀.

Irú ìdàrúdàpọ̀ yìí ni Spotify àti àwọn ìkànnì orin bíi tirẹ̀ ń bá yí. Ohun tí ẹni tó ni orin bá fún wọn ni wọ́n ń pàtẹ. Àtúntẹ̀ ọdún 2011 lè gbé orin 1985 wọ̀ bí ọmọ tuntun, síńgù àtijọ́ sì lè máà sí rárá torí pé wọ́n ti kó o sínú àkójọpọ̀ kan. Discogs, ìkànnì tí wọ́n ń to àkọsílẹ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù sí, ló dára jù láti fi ṣe atọ́nà, torí pé ó ń kó gbogbo ẹ̀dà àwo kan sábẹ́ orúkọ kan, pẹ̀lú nọ́ńbà, orílẹ̀-èdè àti ọdún. Kí ènìyàn kọ orúkọ àwọn síńgù jáde níbẹ̀, kó to àwọn àti àwo ńlá pọ̀ ní ọjọ́ ìjáde, kó wá máa wá ojú kejì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún àwọn ẹgbẹ́ ọdún 1990, iṣẹ́ náà máa ń fúyẹ́ díẹ̀. Oasis fúnra wọn ṣa lára ojú kejì wọn sínú The Masterplan ní 1998.

Kí ẹnikẹ́ni má sì gba àkọlé gbọ́. Warner, tó ra iṣẹ́ The Smiths ní 1992, gbé àpótí kan jáde ní 2011 tí àwo 8 wà nínú rẹ̀, wọ́n pè é ní Complete. "Jeane", ojú kejì "This Charming Man" ti 1983, kò sí nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Spotify ò lè gbé ọ̀rọ̀ kéékèèké tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ họ sára rẹ́kọ́ọ̀dù The Smiths, níbi tí orin parí sí ní ẹ̀bá bébà àárín. Àfi kéèyàn rí ojúlówó rẹ̀, kó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, kó máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí tí lẹ́tà á fi hàn.