Wọ́n gé odídẹrẹ́ níyẹ̀ẹ́ ní ìgékúgèé: kí ló kù ká ṣe?

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni fídíò kan ti ń ti orí fóònù dé orí fóònù ní Àkúrẹ́. Ẹnìkan lẹ́bàá Ọjà Ọba ni kò fẹ́ kí odídẹrẹ́ òun fò lọ, ló bá fi sísọ́ọ̀sì gé gbogbo ìyẹ́ gígùn apá rẹ̀ kan. Ẹyẹ fẹ́ fò látorí àga, ó já lulẹ̀ bí òkò, awọ àyà rẹ̀ sì là. Àwọn kan ní kò lè fò mọ́ láyé, àwọn kan ní ká fa kùkùté ìyẹ́ náà tu.

Ṣé ìyẹ́ yẹn á hù padà?
Á hù.

Nígbà wo?
Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ìyẹ́ tó ti gbó dà bí èékánná: kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí gígé rẹ̀ kì í fi í dun ẹyẹ. Àmọ́ èékánná ń gùn lójoojúmọ́, ìyẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kùkùté yẹn á dúró síbẹ̀ títí dìgbà tí ìyẹ́ àtijọ́ bá re, tí tuntun yọ. Díẹ̀díẹ̀ ni odídẹrẹ́ sì ń pààrọ̀ tirẹ̀, ó lè gbà tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyẹ́ tuntun ní ẹ̀jẹ̀ nínú ọ̀pá rẹ̀. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ tó dúdú bí ẹni rọ yíǹkì sí i. Àwọn ìyẹ́ gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló yẹ kó gbà á dúró. Níbi tí wọ́n ti gé gbogbo wọn, òun nìkan ló máa yọrí síta. Bí ẹyẹ bá tún ṣubú, ó kán nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn, iṣẹ́ á sì tún bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀.

Ká wá gé apá kejì kó lè bára mu ńkọ́?
Rárá o.

Ká fa kùkùté tu ńkọ́?
Ẹ má dán an wò. Ó ń dun ẹyẹ gan-an, ihò tí ìyẹ́ ti ń hù sì lè bàjẹ́ pátápátá. Dókítà ẹranko ló lè yọ ọ́, lẹ́yìn tó bá ti fún un lóògùn oorun.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń lẹ ìyẹ́ mìíràn mọ́ ọn?
Òótọ́ ni. Àwọn tó ń fi àṣá dọdẹ ti ń ṣe é tipẹ́: wọ́n á ki ọ̀pá tín-ín-rín bọ inú kùkùté, wọ́n á wá fi gọ́ọ̀mù lẹ ìyẹ́ tó já bọ́ lára ẹyẹ irú rẹ̀ mọ́ ọn. Iṣẹ́ dókítà ni, kì í ṣe ti ṣọbàtà. Ìkóódẹ tí bàbá yín tọ́jú sínú àpótí kò sì wúlò níbí. Ìyẹ́ ìrù nìyẹn.

Kí ni ká ṣe nílé?
Ẹ gbé igi tó ń bà lé wálẹ̀, ẹ tẹ́ aṣọ nípọn sábẹ́ rẹ̀, ẹ fi àkàbà kékeré sí i kó lè máa gùn ún. Ẹ má fi ẹ̀pà àti àgbàdo nìkan bọ́ ọ: ẹyin sísè díẹ̀, ẹ̀fọ́ tútù, kárọ́ọ̀tì, àti ẹyìn tó jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ nínú igbó. Píà ń pa á. Ẹ máa wọ́n omi sí i lára, àmọ́ ẹ má fi àdí tàbí epo kankan pa á.

Tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ ńkọ́?
Ẹ bu ìyẹ̀fun àgbàdo sí i, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí kò bá dá, tàbí tí àyà rẹ̀ là, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà ni. Fásitì Ìbàdàn ní ilé ìwòsàn ẹranko, bí ti ìtòsí kò bá mọ ẹyẹ tọ́jú.

Kí ló yẹ ká máa bẹ̀rù?
Kó máa fa ìyẹ́ ara rẹ̀ tu, torí kùkùté ń gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó má jẹun. Ológbò aládùúgbò.

Ṣé mo lè ra òmíràn?
Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2017 ni CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, ti fòfin de títà odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ẹ tọ́jú èyí tó wà lọ́wọ́.

Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ó ti fẹ́ lè fò?
Ìyẹ́ mẹ́wàá ló gùn jù ní orí apá kan. Ẹ máa kà wọ́n. Tí márùn-ún bá ti gùn tán, ẹ pa fáànù, ẹ ti fèrèsé, kẹ́ ẹ tó ṣí kéèjì. Bó ti wù kó mọ ọ̀rọ̀ sọ tó, kò ní sọ fún yín lọ́jọ́ tó bá máa fò.