Ìkòkò tábà alámọ̀: ṣé lóòótọ́ ni pé iná ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́?

Fídíò kan ń kiri lórí fóònù: ìkòkò tábà tó dúdú bí ìdí ìṣasùn wọ inú ògúnná, ìgbà tó máa jáde, ó ti funfun bí ẹfun. Àwọn kan ní ẹ̀tàn ni. Àwọn mìíràn ti fẹ́ dán an wò nílé, àwọn gan-an la torí wọn kọ èyí.

Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni.

Kí ló dé tí iná kò fi fọ́ ọ?

Inú iná ló kúkú ti wá. Amọ̀ funfun tí wọ́n fi ń ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní ìlú Gouda ní Netherlands, inú ebu tó gbóná tó nǹkan bí 900 sí 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ti ń sun ún. Ohun tó sọ ọ́ di dúdú ni ọ̀dà tábà. Amọ̀ tí wọn kò fi nǹkan dídán bò a máa fa ọ̀dà sára bí amù ṣe ń fa omi. Ọ̀dà náà ni iná ń jó. Amọ̀ kì í jó.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an?

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, torí èéfín ọ̀dà kò dára fún ẹnikẹ́ni láti fà símú. Ẹ jẹ́ kí ìkòkò náà kọ́kọ́ gbẹ fún odindi ọjọ́ kan, kí ẹ sì ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ọ̀pá rẹ̀, ibi tí èéfín ń gbà dé ẹnu, kí ihò náà là. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná fún nǹkan bí ìdajì wákàtí kó máa yá díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ẹ̀mú gbé e sórí ògúnná tí kò jò fòò mọ́. Ẹ má ṣe kánjú níbí. Omi tó bá ṣẹ́ kù sínú amọ̀ á hó, á máa wá ọ̀nà jáde, ọ̀pá á sì bẹ́.

Ẹ máa wò ó. Èéfín tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ á kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ọ̀pá. Ìkòkò á tún dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má fòyà. Lẹ́yìn ìyẹn ni etí orí rẹ̀, níbi tí wọ́n ń ki tábà sí, á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, funfun náà á sì máa sọ̀ kalẹ̀ títí dé ọ̀pá. Bí ibì kan bá kọ̀ tó dúdú síbẹ̀, eérú ló bò ó tí atẹ́gùn kò dé ibẹ̀. Ẹ fi ẹ̀mú yí i padà. Àwọn amọ̀kòkò mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: iná tí kò rí atẹ́gùn, dúdú ló ń pa ìkòkò.

Ẹ fi í síbẹ̀ títí ògúnná á fi kú fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá bu omi lù ú, tàbí tí ẹ gbé e sórí símẹ́ńtì tútù nígbà tó ṣì gbóná, yóò sán.

Wọ́n ní nílé ọtí ayé àtijọ́, ìkòkò kan náà ni wọ́n ń gbà mu láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹni tí ó bá sì kàn a máa ṣẹ́ ẹnu ọ̀pá dànù kó tó fi sẹ́nu. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìtàn náà dùn, àmọ́ ẹ̀rí kò gbè é. Ohun tí a rí ni férémù irin tí wọ́n ń to ọ̀pọ̀ ìkòkò sí, tí wọ́n á sì gbé sínú ààrò kí gbogbo wọn mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pá wẹ́wẹ́ pọ̀ nílẹ̀ torí pé ọ̀pá tó gùn tó sì tín-ín-rín kì í pẹ́ dá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mu ún?

Wọ́n á fi omi ra ẹnu ọ̀pá ná. Amọ̀ gbígbẹ a máa lẹ̀ mọ́ ètè, ẹni tó bá já a gbà lójijì á bó lára. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ìda kun ẹnu ọ̀pá (iná á jó ìda náà, ẹ ó tún un kùn lẹ́yìn sísun). Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń ki tábà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́: àkọ́kọ́ fẹ́rẹ́, ìkejì kó le díẹ̀, ìkẹta kó le jù wọ́n lọ. Ọ̀pá ni wọ́n ń dì mú, torí orí rẹ̀ a máa jóni lọ́wọ́. Wọn kì í gbá a mọ́ nǹkan kí eérú lè dà. Ibi tí orí àti ọ̀pá ti pàdé ló máa ń ṣẹ́.

Ti ilẹ̀ wa ńkọ́?

Tábà kò sí níhìn-ín kí àwọn Èèbó tó gbé e dé láti Amẹ́ríkà. Tábà Bàhíà ní Brazil, tí wọ́n fi oje ìrèké pa, ni wọ́n ń kó wá sí Ouidah, ìlú etíkun kan ní ilẹ̀ Benin Republic òde òní. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, orí ìkòkò nìkan ni wọ́n sábà ń fi amọ̀ mọ, wọ́n á wá ki ọ̀pá igi tàbí ti esùsú bọ̀ ọ́. Ẹ yọ ọ̀pá náà kí ẹ tó sun ún, àbí yóò jóná.

Ṣé ọ̀pá gígùn ń yọ májèlé kúrò?

Rárá o. Ó kàn ń mú kí èéfín tutù díẹ̀ ni. Ní 1795, oníṣègùn ará Jámánì Samuel Thomas von Soemmerring ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn tó ń mu ìkòkò ni jẹjẹrẹ ètè ń dà láàmú jù. Ọ̀pá amọ̀ tún máa ń jẹ eyín: nínú ibojì àtijọ́, wọ́n ń rí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ tí ihò roboto wà láàárín wọn, níbi tí ẹni náà ti fi eyín di ọ̀pá mú fún ọdún pípẹ́. Bí ìkòkò bá tilẹ̀ funfun báláú, tábà inú rẹ̀ kò yí padà. Ẹni tí kò bá ì bẹ̀rẹ̀, kó má ṣe bẹ̀rẹ̀.

Mo rí àfọ́kù ọ̀pá kan nílẹ̀. Ṣé kí n sun ún kó lè mọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ún, ẹ má sì fi í sẹ́nu. Ẹ̀rí ayé àtijọ́ ni: ihò rẹ̀ lè sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Ní 1954, J. C. Harrington, awalẹ̀pìtàn ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé ihò ọ̀pá ìkòkò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kéré sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún: ti 1620 sí 1650 sábà jẹ́ 8/64 ínṣì, ti 1750 sí 1800 jẹ́ 4/64. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, ẹ rántí pé ẹni tó bá fẹ́ wá nǹkan létí odò Thames gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Port of London Authority, àjọ tó ń bójú tó odò náà. Bí àfọ́kù bá ti wà lọ́wọ́ yín, omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó o; ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i gan-an sórí bébà, kí ẹ sì tọ́jú bébà náà pa pọ̀ mọ́ ọn.