Ohun tó yẹ kí òtẹ́ẹ̀lì súnmọ́ ní Ìlọrin

Bí ẹ bá ń wá òtẹ́ẹ̀lì ní Ìlọrin lórí fóònù, lára ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni iye kìlómítà tó fi jìnnà sí "àárín ìlú". Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi iye yẹn yan ibùwọ̀. Èyí tó bá kéré jù ni wọ́n á mú, wọ́n á ní àwọn ti súnmọ́ ohun gbogbo. Nínú gbogbo ohun tó wà lójú fóònù yẹn, kò sí èyí tó ń ṣi àlejò lọ́nà tó o.

Ẹ̀rọ ló ń ṣírò rẹ̀. Wọ́n ti fi àmì sí ojú kan lórí máàpù, wọ́n pe ibẹ̀ ní àárín ìlú, ẹ̀rọ á sì wọn ọ̀nà gbọọrọ láti ibẹ̀ dé òtẹ́ẹ̀lì, bí ẹyẹ ṣe ń fò. Ìwọ̀n yẹn kò ka Odò Àsà sí. Láti gúúsù lọ sí àríwá ni odò yìí ń ṣàn, ó sì la Ìlọrin sí méjì. Ìhà ìwọ̀ oòrùn ni ìlú àtijọ́ wà, níbi tí ààfin Ẹ́míà, Mọ́ṣáláṣí Àgbà àti Ọjà Ọba ti fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́. Ìhà ìlà oòrùn ni GRA, Fate àti Tanke wà. Ẹyẹ á fò kọjá, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wá afárá lọ, àwọn ọkọ̀ yòókù náà sì ń wá afárá kan náà lọ. Òtẹ́ẹ̀lì méjì lè ní iye kìlómítà kan náà lójú fóònù, kí ìrìn ọ̀kan sì gùn ju ti èkejì lọ fíìfíì.

Èyí tó tún wá le jù ni pé Ìlọrin kò ní àárín kan ṣoṣo. Ẹ bi ọmọ ìlú tí wọ́n bí sí agbo ilé kan ní Bàbóko pé níbo ni àárín ìlú wà, Ọjà Ọba ló máa nawọ́ sí. Òṣìṣẹ́ ìjọba á ní Post Office tàbí Challenge ni. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, lè wà ní Tanke títí á fi gboyè jáde, kó máa rí gbogbo ohun tó ń fẹ́ níbẹ̀. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn.

Ti bí áàpù ṣe ń to orúkọ òtẹ́ẹ̀lì tẹ̀ léra kò gba àlàyé púpọ̀. Làádá ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì, ó sábà máa ń tó nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 owó yàrá, iye làádá náà sì wà lára ohun tó lè gbé orúkọ lọ sókè. Nítorí náà, ẹni tó wà lókè lè má jẹ́ ẹni tó dáa jù. Òtẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó mọ́ tónítóní tún wà tí kò sí lórí áàpù kankan. Patákó ojú ọ̀nà àti nọ́ńbà fóònù nìkan ni tiwọn.

Oríta ló ń gbé èèyàn káàkiri Ìlọrin. Takisí àti kẹ̀kẹ́ márúwá ń ná láti oríta kan sí òmíràn, ìrìn kúkúrú kúkúrú: Post Office, Challenge, Unity, Tipper Garage, Offa Garage, Geri Alimi, Sango. Ẹ bọ́ọ́lẹ̀, ẹ sanwó, ẹ sọdá títì, ẹ wọ òmíràn. Ẹni tó bá mọ oríta méje yìí ti mọ Ìlọrin dé ibi tí àlejò nílò rẹ̀ dé.

Nígbà kan rí, Ìlọrin lókìkí nítorí ìlẹ̀kẹ̀ lántánà, òkúta pupa tí wọ́n ń gé, tí wọ́n ń dán, tí wọ́n sì ń lu ihò sí. Lílu yẹn gba sùúrù gidi. Òkúta lè máa kọ mànà bí iná, bí kò bá ti ní ihò, ọrùn ọmọge kò lè rí i. Bí ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ipa ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ni òwú, òtẹ́ẹ̀lì ni ìlẹ̀kẹ̀, kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá níwájú géètì ni ihò. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan wà nínú GRA lọ́hùn-ún, igi tútù, ilé dáradára, ariwo kò sí. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ èrò kì í wọ àdúgbò wọn, gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jáde, ẹ̀yin nìkan lẹ máa dá ọkọ̀ gbé, owó rẹ̀ á sì máa pọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tó dán tí wọn ò lu ni. Èyí tó wà lẹ́bàá títì, tí ọ̀dà ara rẹ̀ tiẹ̀ ti ń ṣí díẹ̀, lè jẹ́ òun ló máa wúlò fún yín jù. Ibi tí wọ́n sín ìlẹ̀kẹ̀ sí lára òwú náà sì ṣe pàtàkì: ẹni tí iṣẹ́ gbé wá sí Tanke, tí ọkàn rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ oúnjẹ Ọjà Ọba, ibi tí òwú méjèèjì ti so kókó ló yẹ kó sùn, ìyẹn ìtòsí Post Office tàbí Challenge, kò yẹ kó sùn ní ìpẹ̀kun ọ̀kankan. Ètò yìí gbọ́n ju ti áàpù lọ. Ibi tí èèyàn ń lọ gan-an ni ọkọ̀ ń lọ.

Àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, òwú yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Kẹ̀kẹ́ á dínkù, takisí á máa wá ẹni tó máa dá a gbé. Ìdí nìyẹn tí aago oúnjẹ fi ṣe pàtàkì ju máàpù lọ.

Ẹ wo wàrà. Àwọn obìnrin Fúlàní tó wà ní gáà yíká Ìlọrin ló ń ṣe é. Wọ́n á gbé mílíìkì màlúù kaná wọ́ọ́rọ́, wọ́n á fi omi ewé bọmubọmu sí i, yóò dì, omi rẹ̀ á sì yà sọ́tọ̀. Wọ́n á bù ú sínú agbọ̀n kékeré kó lè ro, agbọ̀n yẹn ló ń fi ilà wẹ́wẹ́ sí i lára. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, ó rọ̀ bí ẹyin bíbọ̀, adùn mílíìkì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá pẹ́ nínú oòrùn, ó ń kan nìyẹn, òun ni wọ́n fi ń dín púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní tútù gbọ́dọ̀ wá a lójú ọjà kí oòrùn tó mú.

Àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú jẹ́ oúnjẹ ọ̀sán. Bùkà tó mọṣẹ́ lè ti kó ìkòkò rẹ̀ kúrò nílẹ̀ kí òṣìṣẹ́ tó dé láti ibi iṣẹ́. Sùyà ń dúró de ìrọ̀lẹ́, ẹyín iná rẹ̀ kì í tàn dáadáa títí wọ́n á fi kírun Màgàrìbí tán. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, sùyà ló bọ́ sí àsìkò tí kẹ̀kẹ́ ti wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni tùwó alẹ́. Oúnjẹ àárọ̀ àti ti ọ̀sán lè jìnnà, kẹ̀kẹ́ á gbé yín débẹ̀. Ohun tó yẹ kí òtẹ́ẹ̀lì súnmọ́ ni oúnjẹ alẹ́, èyí tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn lọ jẹ kí ẹ sì fẹsẹ̀ rìn padà.

Nínú oṣù Ràmàdáánì, aago yìí á yí padà. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ìlú àtijọ́ kì í ṣí lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n láti àsìkò ìṣínu, ojú títì á kún fún oúnjẹ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ pe òtẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ bá bi wọ́n bóyá wọ́n súnmọ́ àárín ìlú, bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n máa dáhùn. Ìbéèrè tó ń ṣiṣẹ́ rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Tí mo bá jáde ní géètì yín, kẹ̀kẹ́ ibo ló ń kọjá? Tí ebi bá ń pa ẹ̀yin fúnra yín ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ibo lẹ ti ń rà á jẹ?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé "A ní kíṣìnnì níbí, sà," ó ṣeé ṣe kí ìta dá páropáro. Bó bá jẹ́ pé "Ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún, Àlájà kan ń ta tùwó níwájú ilé epo, tí ẹ ò bá tètè lọ ó ti tán," ẹ gba yàrá náà. Ẹ fi aago tí wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀ kún ìbéèrè yín.

Ibi tí àlejò ń lọ wò kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀, torí pé ojúmọmọ ni wọ́n ń wò ó. Ààfin, Mọ́ṣáláṣí Àgbà tí wọ́n ṣí ní 1981, òkúta Ìdí-Àpè tí wọ́n ní àwọn ará ìṣáájú ń lọ irin lórí rẹ̀, àti àwọn obìnrin tó ń mọ ìkòkò ní agbo ilé Dada ní Òkèlélé, ìlú àtijọ́ ni gbogbo wọn wà. Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: láti ọ̀sán, èrò ìrun á ti kún ọ̀nà tó yí mọ́ṣáláṣí ká. Ní àsìkò Iléyá, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe Dọ́bà, ìyẹn ayẹyẹ ẹlẹ́ṣin, ẹ tètè gba yàrá sílẹ̀.

Ẹni tí Ẹ̀siẹ́ wù láti lọ gbọ́dọ̀ yí èrò padà. Ibẹ̀ ni mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, wọ́n ṣí i ní 1945 nítorí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ère òkúta tó wà níbẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ gba Ganmo, Ìdófìàn, Ajàṣẹ́-Ìpo àti Òrò, gúúsù ìlú ni wọ́n sì ń gbà jáde. Bí ẹ bá sùn sí ìhà Ọjà Ọba, ẹ máa kọ́kọ́ la gbogbo ìlú já nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àárọ̀. Ìtòsí Offa Garage ló dáa kí ẹ sùn mọ́jú ọjọ́ náà. Ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ibẹ̀ kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì tètè lọ, kí ẹ lè padà dé kí ilẹ̀ tó ṣú.